Ìkòkò Kan Ṣoṣo Tí Màmá Dá Padà Lófìfo

Lọ́jọ́ kẹjọ tí Màmá kú, Ààfáà tó ṣe wáàsí ní àgbàlá wa ní Banikanni, ní ìlú Parakou, sọ pé onínúure ni olóògbé, pé wọn kì í fi ẹnu ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn. Ẹlòmíràn tún wúkọ́. Kí Ààfáà tó dórí àdúà, ó ti dà bíi pé òtútù ti mú gbogbo ilé. Èmi náà wúkọ́ tèmi. Àlejò ni Ààfáà yẹn, láti Kandi ni wọ́n ti pè é wá, kò mọ Màmá rí.

Èmi mọ̀ wọ́n. Síkírá ni mí, ọmọ ọmọkùnrin wọn àgbà. Ọwọ́ wọn ni mo dàgbà sí nígbà tí ìyá mi wà lẹ́nu òwò ní Kútọnu. Mi ò ní sọ ọdún tí wọ́n bí Màmá tàbí ìlú tí àwọn bàbá wọn ti ṣí wá. Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn kó lọ bá bàbá mi. Bí ẹnu wọn ṣe rí ni mo fẹ́ sọ, àti bí ọwọ́ wọn ṣe rí, àti ohun tí wọ́n fi pòrójè mi, ètò tí mo fọwọ́ ara mi gbé kalẹ̀, ṣe. Àwọn ènìyàn ní kí n dárí jì wọ́n, pé òkú kì í bá alààyè jà. Mo ti gbọ́. Mi ò tíì ṣe é.

Ìkòkò ni iṣẹ́ Màmá. Wọn kì í tà á o, wọ́n ń yá a fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó tàbí fìdáù òkú. Ìkòkò ńláńlá ni, irú èyí tí ènìyàn méjì ń gbé, wọ́n sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi kànga. Gbogbo Parakou ń pè wọ́n ní Àlájà Oníkòkò. Yorùbá, Dendi àti Bariba, kò sí èyí tí wọn ò gbọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì lè bú ènìyàn ní èdè ìyá rẹ̀ kó má baà sí àṣìgbọ́.

Òfin kan ni wọ́n ní: ìkòkò wọn kì í padà lófìfo. Owó tó o fi yá a, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Tó o bá ń dá a padà, wàá fi nǹkan sínú rẹ̀, ì báà jẹ́ ìrẹsì díẹ̀, ì báà jẹ́ àlùbọ́sà, kódà kó jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀. Gbogbo wa la mọ àṣà yẹn. Abọ́ tí aládùúgbò bá fi gbé oúnjẹ wá fún ẹ, o ò ní dá a padà lásán. Màmá kàn mú àṣà tó yẹ abọ́ kékeré, wọ́n fi ṣòfin fún ìkòkò tó lè gba odindi àgbò.

Tí ìkòkò bá padà dé, wọ́n á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fi òrùka kàn án kọ́-kọ́-kọ́ kí wọ́n gbọ́ bóyá ó ti sán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá, ojú wọn á wà lójú ọ̀nà ní tiwọn. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọn kì í wò ó. Wọ́n ní, “Ojú mi lè ṣojúsàájú. Ọwọ́ mi ò mọ ẹnikẹ́ni.”

Tí ọwọ́ yẹn bá kan òfìfo, ó parí fún ẹ. Wọn ò ní bá ẹ jà. Wọ́n á kàn gbóhùn sókè kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè gbọ́: “Ẹ kú ìyà o! Ìkòkò tẹ́ ẹ gbé wá ló sọ fún mi pé ebi ń pa yín nílé. Ẹ dúró kí n bù díẹ̀ fún yín.” Wọ́n á sì bù ú lóòótọ́, wọ́n á dúró tì ẹ́ títí wàá fi gbà á. Mo rí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó gbé abọ́ ẹ̀wà lọ lójú pópó bí ọmọ tí wọ́n lé kúrò ní ilé ìwé.

Wọn ò yọ ará ilé sílẹ̀. Bàbá àgbà wa, ọkọ wọn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Tí àwọn àlejò bá ń yìn ín, tí wọ́n ní kò bínú rí láyé rẹ̀, Màmá á mi orí, á wá dà bíi pé wọ́n fẹ́ sunkún. “Òótọ́ ni,” wọ́n á ní. “Gbogbo ìbínú rẹ̀ ló ń gbé mì. Òun náà ló pa á.”

Nígbà tí mo gba báàkì, ìwé ẹ̀rí àṣejáde girama, inú wọn dùn, wọ́n dáná fún gbogbo kíláàsì wa. Mo rò pé ọjọ́ ayọ̀ mi nìyẹn. Màmá gba ṣíbí ńlá lọ́wọ́ ẹni tó ń bu oúnjẹ, wọ́n dúró ti ìkòkò, wọ́n sì ń bi àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan pé, “Ìwọ ńkọ́, o gbà á?” Ẹni tó gbà á jẹ ẹran. Ẹni tí kò gbà á, ìrẹsì jíjóná ìdí ìkòkò ni wọ́n ha fún un. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ gba tirẹ̀, omijé bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sínú abọ́. Màmá wò ó. “Má sunkún sí i,” wọ́n ní. “Iyọ̀ rẹ̀ ti tó.”

Ìyẹn ṣì ṣe é fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ ọmọ náà nìkan ni kò ti ṣe é fi rẹ́rìn-ín, kò sì kí mi mọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n ti Ìyá Sìdí, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sí i.

Àdúgbò Titirou ni Ìyá Sìdí ń gbé. Kí wọ́n tó bí Sìdí, wọ́n ti kọ́kọ́ bí ọkùnrin kan. Àwọn ará ilé wọn wá yá ìkòkò tó tóbi jù lọ nílé wa nítorí ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà máa mọ́, ọmọ ti kú. Àbúrò ọkọ Ìyá Sìdí gbé ìkòkò padà bó ṣe rí, wọn ò tilẹ̀ dáná lábẹ́ rẹ̀. Mo kéré nígbà yẹn, mo jókòó ti Màmá. Wọ́n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

“Òfìfo nìyí.”

“Àlájà,” ọkùnrin náà ní, “ọmọ yẹn kú.”

“Mo gbọ́. Kí Ọlọ́run rọ́pò. Ọmọ ló kú, ìkòkò mi ò kú.”

Ọkùnrin náà wo Màmá títí, ó sì jáde. Nígbà tó padà dé, ó mú iyọ̀ dání nínú ọ̀rá, ó dà á sínú ìkòkò, ó lọ láìkí ẹnikẹ́ni. Bàbá mi, tí kì í dá ìyá rẹ̀ lóhùn, dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. Ó ní ṣé wọn ò bẹ̀rù Ọlọ́run ni. Màmá ń fọ iyọ̀ kúrò lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Tí mo bá yọ̀ǹda fún ẹni tọ́mọ rẹ̀ kú, lọ́la ẹni tí adìẹ rẹ̀ kú náà á wá.”

Ó yẹ kí n ti mọ irú ẹni tí mo gbé pòrójè mi sílé rẹ̀.

Mo ti parí ní yunifásítì níbí, mo sì wà nílé láìríṣẹ́. Mo wá rí i lórí fóònù pé ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè kan tó wà ní Kútọnu ń fi owó ran àwọn ètò lọ́wọ́, irú ètò tó máa jẹ́ kí àwọn ènìyàn tiwọn àti tiwa mọ ara wọn kí àjọṣe ilẹ̀ méjèèjì lè nípọn sí i. Wọn ò fẹ́ mọ́ṣáláṣí, wọn ò fẹ́ òwò. Wọ́n fẹ́ ohun tí ẹni wọn àti ẹni wa máa jọ fọwọ́ ṣe. Mo jókòó, mo wo àgbàlá wa, kí ni mo rí bí kò ṣe ìkòkò? Mo sọ ètò mi ní Ìkòkò Kan. Àwọn ọ̀dọ́ wọn tó ń kọ́ni ní ilé ìwé lágbègbè wa máa wá bá àwọn obìnrin Parakou dáná, wọ́n á kọ́ tiwa, àwa náà á kọ́ tiwọn. Tí apá àkọ́kọ́ bá lọ dáadáa, apá kejì ni pé àwa méjì láti Parakou máa wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sílẹ̀ wọn, ká lọ dáná níbi àjọ̀dún ìlú wọn.

Orúkọ mi ló ṣìkejì. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀, àwọn lè rí ilé ẹ̀kọ́ fún un. Mo ti ń fi fóònù kọ́ èdè wọn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé òtútù ń mú mi. Kò sí ohun tí mo fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n gbà fún wa. Lára owó náà la fi ra ìkòkò tuntun kan tó ń dán gbinrin. Òfin wọn ni pé ohunkóhun tá a bá fi owó wọn rà, a gbọ́dọ̀ lẹ àmì orílẹ̀-èdè wọn mọ́ ọn. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Màmá rìn yí i ká.

“Ta ló kọlà fún ìkòkò yìí?”

Mo ní àmì àwọn tó ni í ni.

“Ó dáa,” wọ́n ní. “Tó bá sọnù, a mọ ìdílé tá a máa gbé e lọ.”

Màdáàmù tó ń bójú tó ètò náà ní ilé-iṣẹ́ aṣojú wá láti Kútọnu lọ́jọ́ ìdáná. Kò dàgbà jù mí lọ púpọ̀, ó lójú àánú, ó sì ti kọ́ “fofo” tí àwọn Dendi fi ń kíni, ó ń kí gbogbo ènìyàn, tó fi mọ́ ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Èmi ni mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìkòkò tuntun náà lé Màmá lọ́wọ́, káwọn ènìyàn lè yà á ní fọ́tò. Nínú ìwé, ìkòkò yẹn jẹ́ ti ètò, Màmá kàn ń bá wa tọ́jú rẹ̀ ni. Lójú Màmá, wọ́n ti fún wọn ní ìkòkò, tán. Mi ò ronú nípa ìyàtọ̀ yẹn rárá. Mo ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò ti máa dára.

Ọyẹ́ ń fẹ́, àgbàlá kún. Ìyá Sìdí wà lára àwọn tó ń dáná. Ẹni tó bá mọ ìrẹsì sè ní Parakou, a kì í yọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ìjà àtijọ́. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ń gé àlùbọ́sà, ojú wọn ti pọ́n. Màmá tọ́ oúnjẹ tiwọn wò, wọ́n ní, “Ṣé aláìsàn ni wọ́n sè é fún?” Mi ò túmọ̀ ìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bi mí.

Bí oúnjẹ ṣe jinná ni Màmá wọlé lọ, wọ́n sì fa àgbò kan jáde. Àgbò funfun, wọ́n ti fi làálì kun iwájú orí rẹ̀. Wọ́n fà á la àárín èrò kọjá dé iwájú màdáàmù, wọ́n ju okùn rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

“Síkírá, sọ fún un pé tirẹ̀ ni. Ìkòkò tó fún mi ò ní padà lófìfo.”

Mo sọ ọ́ ní Faransé. Ojú màdáàmù pọ́n dé etí. Ó dì mí lápá mú, ó rọra sọ fún mi pé ó wu òun púpọ̀, ṣùgbọ́n òfin àwọn ò gba òṣìṣẹ́ láyè láti gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tí àwọn fún lówó ètò, iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ní, “Jọ̀ọ́, bá mi sọ ọ́ fún wọn dáadáa.”

Mo sọ ọ́ bó ṣe wí. “Màmá, ó ní òfin ò gba òun láyè láti gba ẹ̀bùn.”

“Tún un sọ.”

“Òfin ò gbà á láyè.”

“Ṣé òfin gbà á láyè kó fún mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Kò wá gba èmi láyè kí n fún un.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Alágbe ni wọ́n ń fún tí wọn kì í gbà lọ́wọ́ rẹ̀,” ni Màmá wí. Wọn ò pariwo. Wọ́n pe àwọn ọkùnrin méjì tó ń bá wọn gbé ìkòkò, wọ́n na ọwọ́ sí ìkòkò tuntun. “Ẹ dà á nù.”

Àwọn méjèèjì rò pé àwọn ò gbọ́ dáadáa. Màmá tún un wí. Wọ́n dà á nù. Ìrẹsì tí gbogbo àdúgbò ń dúró dè dà sórí iyanrìn, èéfín rẹ̀ gba afẹ́fẹ́, ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ìyá Sìdí dúró pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, wọ́n ń wo Màmá. Màmá fi èékánná ha àmì yẹn kúrò lára ìkòkò, wọ́n pẹ́ díẹ̀ nídìí rẹ̀ torí mo lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò màdáàmù.

“Ẹ gbé e sínú mọ́tò wọn. Bí òfin wọn ṣe fẹ́ ẹ ni mo ṣe dá a padà.”

Láyé Màmá, ìkòkò kan ṣoṣo tí wọ́n dá padà lófìfo nìyẹn. Màdáàmù sunkún kó tó wọ mọ́tò. Èmi ò sunkún, mo ń wá bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tí mo ń fi fóònù kọ́. Mi ò tíì dé ibi ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn nínú ẹ̀kọ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ní kí wọ́n pa àgbò, wọ́n pín in yí àdúgbò ká. Wọ́n fi orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní yàrá, pẹ̀lú làálì níwájú. Ọmọ tó gbé e wá ní kí òun jẹ́ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán òun: “Orí ni tìrẹ, torí ibẹ̀ lo kó ìwé sí.”

Ilé-iṣẹ́ aṣojú kọ̀wé sí mi pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n yìn wá, wọ́n sì ní apá kejì máa wáyé láti ìlú mìíràn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà mo rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù: ọmọbìnrin méjì láti ìlú yẹn nínú ẹ̀wù òtútù tó gbé wọn mì, yìnyín nílẹ̀, ìkòkò wa láàárín wọn. Wọ́n ti lẹ àmì mìíràn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n; ibi tí èékánná Màmá ti ha á ṣì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé fóònù lọ bá Màmá. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i. Mo fẹ́ kó dùn wọ́n. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n wò ó, wọ́n wò ó. “Wọn ò fọ̀ ọ́ dáadáa,” wọ́n ní.

Ọ̀rọ̀ òfin tí màdáàmù sọ di àpárá ní Banikanni. Tó o bá ní kí ẹnì kan yá ẹ ní ìsáná, á ní òfin ò gba òun láyè. Àwọn ọmọ kéékèèké ń fi kí mi lójú ọ̀nà. Ní tèmi, ohun tí mo ń dúró dè lẹ́nu Màmá ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: pẹ̀lẹ́. Mo ti gbọ́ tí wọ́n sọ pẹ̀lẹ́ fún ewúrẹ́ tó fẹsẹ̀ kọ. Ṣé èmi ò tó ewúrẹ́ ni?

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, bàbá mi ló ń yá ìkòkò fáwọn ènìyàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan Màmá ní kí wọ́n pè mí. Wọ́n ní kí n sún mọ́ wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Mo ní pẹ̀lẹ́ tí mo ń dúró dè ti dé.

“Síkírá. Ìkòkò ńlá wà ní Titirou, ní ilé Ìyá Sìdí. Wọ́n ti ṣègbéyàwó tó wà nílé wọn tán, wọn ò dá a padà. Lọ gbé e wá.”

Mo lọ. Ìyá Sìdí ti fọ ìkòkò náà mọ́ tó fi ń dán. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ níwájú mi, wọ́n fi ọwọ́ lu ìdí rẹ̀ kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún.

“Bá mi kí Àlájà,” wọ́n ní. “Sọ pé òfin ò gbà mí láyè.”

Wọn ò rẹ́rìn-ín, èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ń gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n bá mi di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. “Ọmọ tá ò rí sọ lórúkọ yẹn ì bá ti máa lọ sí yunifásítì báyìí,” ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé.

Mo dá ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ dúró lọ́jà. Mo ra ìrẹsì, mo ra àlùbọ́sà, mo ra ṣúgà, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Inú ṣì ń bí mi sí wọn. Mi ò kàn fẹ́ kí ọwọ́ yẹn kan òfìfo lórí ibùsùn ikú.

A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Màmá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ojú wọn wà lára àjà.

“Kí ni Ìyá Sìdí fi sí i?”

“Ìrẹsì, àlùbọ́sà àti ṣúgà, Màmá. Wọ́n ní kí n kí yín.”

Wọ́n fi ìka ra ìrẹsì náà, ó pẹ́. “Ta ló rà á?”

“Ìyá Sìdí.”

“Irọ́ ni. Tí obìnrin yẹn bá máa fi nǹkan sí i, iyọ̀ ló máa jẹ́. Iyọ̀ ni mo gbà lọ́wọ́ wọn. Ó padà lófìfo.” Wọ́n yọ ọwọ́, wọ́n wá yí ojú sí mi. “Irọ́ tó o pa yìí, o kúkú mọ̀ ọ́n pa. Níbo lo gbé e sí lọ́jọ́ òyìnbó?”

Màmá gbọn ìrẹsì kúrò lọ́wọ́.

“Ṣé mo gbọ́ Faransé ni? O ì bá ti sọ pé ó ní kí n bá òun máa sin àgbò náà títí òun á fi padà wá. Ǹ bá máa sìn ín. Òun ì bá bá tirẹ̀ lọ, ìwọ ì bá ti dé ilẹ̀ wọn. Ìwọ lo da ìrẹsì yẹn nù.”

Wọ́n kọjú sí ògiri. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ìkòkò yẹn la fi dáná fìdáù ọjọ́ kẹjọ, òun ló tóbi jù. Nígbà tí àwọn tó ń wúkọ́ ti jẹun tán tí wọ́n sì ti lọ, mo fọ̀ ọ́ fúnra mi, mo fi òrùka kàn án, kò sán. Bàbá mi bá mi gbé e padà sí àyè rẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ìrẹsì ṣì kù nílé, àlùbọ́sà wà, iyọ̀ wà. Mi ò fi nǹkan kan sínú rẹ̀.